Agbòjò Aláwọ̀ Ìyeyè

Wọ́n ní kí n ṣáà máa rìn kọjá ni. Kò ju ìyẹn lọ. Kí n ṣí agbòjò, kí n rìn láti ibi ògiri yìí dé igun ọ̀hún, kí n má wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ìrìn lásán ni.

Mi ò kàwé púpọ̀, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè jáde lẹ́nu mi, ẹ ó bá mi fara dà á. Ẹ̀rù máa ń bà mí. Kì í ṣe pé nǹkan kan ṣe mí rí o, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Bí ìdérí ìkòkò bá bọ́ lulẹ̀ nílé àwọn ará òdìkejì, èmi ni màá kọ́kọ́ dìde dúró. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àwa méjì péré ni ìyá wa bí, òun ló sọ mí ní Ẹtu. Ó ní ẹtu ni ẹranko tó máa ń jẹun tí etí rẹ̀ á wà nínà. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ mi. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, irun mi ti ń funfun ní ẹ̀bá etí, síbẹ̀ Ẹtu náà ni.

Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ilé gígùn kan ni, òkè pátápátá lẹ́bàá àjà ni fèrèsé rẹ̀ wà, ooru omi gbígbóná sì máa ń kún inú rẹ̀ débi pé bí o bá dúró ní apá kan, o ò ní rí apá kejì. O ó rí ọwọ́ kan. O ó rí aṣọ kan tó ń lọ nínú èéfín funfun, o ò ní rí ẹni tó gbé e. Bí inú àlá ló ń rí lójú mi. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Kò sí ẹni tó lè yọ sí ènìyàn lójijì níbẹ̀, nítorí bàtà rọ́bà ni gbogbo wa ń wọ̀, á sì máa dún nínú omi.

Ibẹ̀ ni àwọn onífíìmù ti wá bá wa. Aṣọ tuntun ni wọ́n kó wá, àpò lórí àpò: pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, òdòdó lóríṣiríṣi. Wọ́n ní kí á fọ̀ wọ́n. Ọ̀gá wa, obìnrin tí kọ́kọ́rọ́ máa ń dún nídìí rẹ̀ nígbà gbogbo, yẹ aṣọ náà wò síwá sẹ́yìn.

"Ṣebí wọ́n mọ́?"

"Wọ́n mọ́, mà. Àwọ̀ ara wọn ni a fẹ́ kí ẹ fọ̀ kúrò. Kí ẹ fọ̀ ọ́ títí tí gbogbo wọn á fi jọra."

Ọ̀gá wa wò wọ́n. Ó ní, "Gbogbo ayé ló ń pariwo lé mi lórí pé mo jẹ́ kí aṣọ àwọn ṣá. Ẹ̀yin wá ń fẹsẹ̀ ara yín gbé e wá kí n jẹ́ kó ṣá. Ẹ kó o wọlé, jàre. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù lọ nìyẹn."

A fọ̀ ọ́. A sè é, a lù ú, a sá a sóòrùn, a tún sè é. Mo máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà omi tó ń gba ẹ̀yìn ilé jáde, mo ń wo àwọ̀ tó ń lọ. Pupa ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé. Wọ́n ń ṣàn lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ra, wọ́n yà níbi igun, mi ò rí wọn mọ́. Mo ń bi ara mi pé níbo ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí a parí, gbogbo aṣọ náà rí bí ojú ọjọ́ nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. A kó wọn kọ́, wọ́n gùn láti apá kan dé apá kejì, ooru ń gbé wọn sókè sódò, bí ìgbà tí wọ́n bá ń mí.

Olùdarí fíìmù wá wò wọ́n fúnra rẹ̀. Obìnrin kékeré kan ni, kò tíì tó mi lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń fọwọ́ pa aṣọ kan lára nígbà tí mo gbé apẹ̀rẹ̀ gba àgbàlá kọjá.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún rìn padà."

Mo rò pé mo ti tẹ aṣọ wọn mọ́lẹ̀. Mo rìn padà.

"Kí lẹ̀ ń tẹ́tí sí?"

"Kò sí o, mà."

"Ẹ ń rìn bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan tí àwa yòókù ò gbọ́."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, mà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀rù yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ yá mi."

Mo délé, mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi pé màá kọ̀. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Tẹlifíṣọ̀n máa ń wà ní títàn níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, kò sí fíìmù tí kò wò, á sì máa bá àwọn tó wà nínú rẹ̀ jà. "Má mu ún! Má mu ún, ọ̀dẹ̀! Ṣé o ò rí i pé májèlé ni?" Ó dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.

"Ìwọ? Ìwọ tó ń sá fún dígí ni wọ́n fẹ́ gbé sínú fíìmù?"

"Mo ti ní màá kọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kọ̀ kí n rí ọ. Màá rán aṣọ ọrùn rẹ mọ́ àga níbẹ̀ yẹn, màá sì ní kí wọ́n wá gbé ìwọ àti àga lọ."

Bí mo ṣe gbà nìyẹn.

Òpópónà kan báyìí ni wọ́n ti ń ya fíìmù náà. Wọ́n ti kun gbogbo ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ eérú. Wọ́n fọ́n ekuru sórí ewé igi. Àwọn tó wọ aṣọ tí a fọ̀ dúró káàkiri, mo mọ aṣọ kọ̀ọ̀kan, mo mọ ohun tó jẹ́ kó tó di bó ṣe dà. Olùdarí wá gbé agbòjò náà lé mi lọ́wọ́. Mo ṣí i. Àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n dáadáa ni, ó ń tàn débi pé mo rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lórí apá ara mi.

"Ṣé òjò máa rọ̀, mà?"

"Kò sí òjò nínú fíìmù yìí. Ẹ ṣáà máa rìn. Ẹ má wo fèrèsé, ẹ má wo kámẹ́rà, ẹ má wo ẹnikẹ́ni. Ẹ rìn bí ẹni tó gbé omi kaná sílé, tó sì mọ̀ pé kò tíì hó."

Mo rìn. Baba àgbà kan ń mu tíì lójú fèrèsé, mo gba iwájú rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀yìn obìnrin kan tó ń ya irun níwájú dígí ni mo gbà. Wọn ò sọ ìtàn náà fún mi, èmi náà ò bèèrè. Tí mo bá wà lábẹ́ agbòjò yẹn, tí mo ń rìn láàárín àwọn ènìyàn aláwọ̀ eérú tí wọn kò mira, ó máa ń dà bíi pé kò sí ẹni tó lè dẹ́rù bà mí. Ìgbà yẹn nìkan ni ẹ̀rù ò bà mí láyé mi. Nígbà tí a parí, olùdarí ní kí n máa mú agbòjò náà lọ sílé, ó ní tèmi ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi lọ sí ilé sinimá. Ó wọ bàtà tuntun. Ó ń sọ fún ẹni tó jókòó níwájú wa, tí kò béèrè, pé, "Àbúrò mi wà nínú rẹ̀. Òun rèé." Ó di ọwọ́ mi mú nínú òkùnkùn bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí a kéré.

Baba àgbà ń mu tíì. Agbòjò kọjá lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ife tíì náà hàn, òun nìkan lórí tábìlì, èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀. Àga ṣófo. Mi ò kọ́kọ́ mòye.

Obìnrin ń ya irun. Agbòjò kọjá nínú dígí, ní ẹ̀yìn orí rẹ̀, kékeré báyìí. Lẹ́yìn náà, òòyà nílẹ̀, irun díẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ọkùnrin kan ń fi súfèé kọrin, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Nígbà tí àwọ̀ ìyeyè yọ ní òkèèrè lópin òpópónà, gbogbo ilé sinimá mí kanlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan náà. "Háà!" Nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀ o. Ọkùnrin náà ṣì ń fi súfèé kọrin. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti mọ̀.

Ìgbà yẹn ni èmi náà tó mọ̀. Ikú ni wọ́n fi mí ṣe. Kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò fi òkú kankan hàn. Àwọ̀ yẹn ṣáà ni, àti ohun tó ń kù lẹ́yìn rẹ̀.

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi kí n lè rí i bó ti ń rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fa ọwọ́ rẹ̀ yọ lọ́wọ́ mi. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fà á, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n mọ̀.

Níta, ó pariwo, ó lu itan. "Ẹtu! Àbúrò mi ni Ikú! Ẹni tó ń sá fún aláǹgbá!" Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wò mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ níbi àtẹ̀gùn, kò di apá mi mú, bẹ́ẹ̀ bàtà tuntun ló wọ̀.

Láti ìgbà náà ni àdúgbò ti ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Káfíńtà tó wà ní ẹnu ọ̀nà wa, bó bá ti rí mi, á gbé pákó bo ojú.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba òdìkejì! Mi ò tíì gbéyàwó!"

"Ta ló máa fẹ́ ọ?" Ohun tí mo máa ń dá a lóhùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo máa ń gba òdìkejì. Mo gbé agbòjò náà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Tí mo bá ń sùn lọ́sàn-án, mo máa ń rí ìmọ́lẹ̀ ìyeyè díẹ̀ lára ògiri, bí ẹni pé ó ń ti ibẹ̀ yọjú. Bóyá oòrùn ni. Mi ò dìde lọ wò ó.

Kò pẹ́ sí i ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gbà á sí ọsibítù. Dókítà ní òkúta kéékèèké ló wà nínú àpò òróòro rẹ̀.

"Èmi tí mo ń ṣa ìrẹsì kí n tó sè é," ẹ̀gbọ́n mi ní, "ta ló ń kó òkúta sí mi níkùn?"

Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Kí wọ́n ṣáà tètè ṣe é kí àpò náà má baà bẹ́. Ó gbà. Ó ti ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn lórí irú aṣọ tí wọn yóò wọ̀ fún un.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, òjò rọ̀. Òjò gidi. Agbòjò kan ṣoṣo ló wà nílé mi. Mo dúró ti kọ́bọ́ọ̀dù náà fún ìgbà díẹ̀. Mo tún wo òjò. Mo ní òjò ni òjò, agbòjò ni agbòjò. Mo mú un.

Òkè ni yàrá ẹ̀gbọ́n mi wà, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà tó ti ibi géètì wá. Gbogbo ibẹ̀ ló wá rí bí òpópónà inú fíìmù yẹn lábẹ́ òjò, ògiri eérú, ilẹ̀ eérú, àwọn ènìyàn tí wọ́n tẹrí ba. Àyàfi èmi. Mo ń rìn, mi ò gbójú sókè nítorí omi. Mo wá gbọ́ igbe.

Mo mọ ohùn náà. Mo sáré gun òkè. Nọ́ọ̀sì dí mi lọ́nà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, ẹ dúró ná. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni agbòjò yẹn?"

Láti inú yàrá, ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo. "Kó má wọlé! Ó ti kọjá! Mo rí i! Ẹ sọ fún dókítà pé mi ò ṣe mọ́. Ẹ kó ọ̀bẹ yín, mi ò ṣe!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Ẹtu ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni! Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn!"

Mo dúró ní kọ̀rídọ̀. Omi ń kán sílẹ̀ lára agbòjò náà, ó ń ṣàn lọ lórí ilẹ̀ dídán, ó ń ṣe bí ìgbà tí ìyeyè ń jò jáde lára rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó kọ̀. Dókítà bẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ rere ni dókítà, ṣùgbọ́n kò wo fíìmù náà. Nọ́ọ̀sì wá bá mi ní géètì, mi ò jẹ́ wọ inú ọgbà mọ́, ó ní, "Ara wọn ti ń gbóná, Àǹtí. Kò yẹ kó pẹ́ jù báyìí."

Ẹnìkan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn. Mo lọ bá olùdarí.

Yàrá tí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan ni mo ti bá a, ó jókòó síwájú ojú ẹ̀rọ tó ń tàn, ó ń gé fíìmù mìíràn. Mo kúnlẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ yọ ikú kúrò lára agbòjò yìí fún mi."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá rí ojú mi, ó fà mí dìde, ó fún mi ní àga. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tẹ nǹkan kan, mo rí ara mi lójú ẹ̀rọ náà, tí mò ń rìn kọjá.

"Àǹtí, kí ló tẹ̀ lé e?"

"Ife tíì, mà."

"Ẹ wò ó." Ó gé ife náà kúrò. Ó wá àwòrán mìíràn nínú àwọn ẹrù rẹ̀, ọmọ kan tó ń sáré wọlé pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lọ́wọ́, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó so ó mọ́ ẹ̀yìn mi. Mo kọjá, ọmọ náà sáré wọlé. Ó tún un ṣe. Mo kọjá, ìyá kan ṣí apá. Mo kọjá, wọ́n tan iná. Ó ń tún un ṣe, ó ń tún un ṣe, mo sì ń wo obìnrin tó gbé agbòjò yẹn. Kò yí ìrìn padà. Òun náà ṣáà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún yọ, mo ṣàdédé rí i pé mo ti ń rẹ́rìn-ín kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

"Àwọ̀ yẹn ò sọ nǹkan kan fúnra rẹ̀," olùdarí ní. "Èmi ni mo gbé ife òfìfo sẹ́yìn rẹ̀. Ká ní oúnjẹ ni mo gbé síbẹ̀ ni, gbogbo ilé sinimá ni ì bá máa da itọ́."

"Ẹ lè lọ sọ fún un bẹ́ẹ̀, mà?"

"Tí mo bá sọ ọ́, á gbọ́ ọ. Kò ní rí i. Ojú rẹ̀ ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀."

Mo rò ó lójú ọ̀nà. Orí mi kì í yára. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ gbogbo ohun tó fẹ́ràn láyé yìí.

Mo bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ní géètì. Ó wo ojú mi bóyá èmi náà ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ó dáa. Kí la máa kọ́kọ́ gbé fún wọn?"

"Omi dídì. Ó fẹ́ràn kó máa rún un lẹ́nu. Dókítà ò ní kọ̀ ọ́, àbí?"

Mo ṣí agbòjò. Mo rìn kọjá lábẹ́ fèrèsé náà, mi ò wòkè. Mo gbọ́ igbe, mo gbọ́ tí wọ́n fa aṣọ fèrèsé. Nọ́ọ̀sì ní òun wọlé lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú omi dídì nínú ife. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi sunkún, ṣùgbọ́n ó rún un tán.

Ọjọ́ kejì, mo kọjá. Lẹ́yìn agbòjò, onídìrí wa wọlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ó fọ orí fún un lórí ibùsùn, ó dì í, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn láìdáa títí ọ̀sán fi pọ́n.

Mo kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn agbòjò, nọ́ọ̀sì gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. Ìyẹn, mo ní kó fi sí àkókò tí mo bá kọjá gan-an.

Mo kọjá, káfíńtà wọlé. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó gbé pákó pẹlẹbẹ kan dání, ó fi bo ojú rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Àǹtí, ṣé Ikú ti lọ? Mo pàdé rẹ̀ nísàlẹ̀, ó kí mi, ó ní kí n bá òun kí yín, ó ní òun ti gbàgbé ohun tí òun wá ṣe." Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín débi pé ó di ikùn mú, ó ní, "Jáde! O fẹ́ kí àpò náà bẹ́!"

Aṣọ fèrèsé ò wá sílẹ̀ mọ́ nígbà tí mo bá kọjá. Mi ò wòkè, ṣùgbọ́n mo ń mọ̀ ọ́n lára. Ẹnìkan dúró níbẹ̀.

Nígbà tó ṣe, nọ́ọ̀sì jáde wá bá mi, kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. "Ẹ̀gbọ́n yín rán mi sí yín. Wọ́n ní: 'Sọ fún Ẹtu pé fíìmù tí mo ti wò láyé mi ju aṣọ tó ti fọ̀ lọ. Mo ti mọ ohun tó ń ṣe láti ọjọ́ omi dídì.'"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa agbòjò náà dé.

"Wọ́n ní: 'Sọ fún un pé kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró.'"

Ó ti gbà fún dókítà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n dá.

Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù tó ti ń bà mí látìgbà yìí wá, eré ni. Ó di àárọ̀ yẹn kí n tó mọ ẹ̀rù. Mo dé géètì, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, oòrùn ti yọ. Mo fẹ̀yìn ti ògiri níta, agbòjò náà wà ní pípadé lábẹ́ apá mi. Mo ń rò ó pé tí mo bá kọjá báyìí, kí ló máa tẹ̀ lé e? Mi ò tíì kó nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀ lónìí. Kò sí omi dídì, kò sí káfíńtà. Ọ̀bẹ ló wà níbẹ̀. Tí ife bá wá ku òun nìkan lórí tábìlì ńkọ́? Èmi ni màá ti kọjá. Èmi, lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo yí padà. Mo ti gbé ẹsẹ̀ sí ọ̀nà ilé.

Nọ́ọ̀sì sáré jáde, fìlà rẹ̀ ti wọ́.

"Àǹtí! Ẹ jọ̀ọ́! Bẹ́ẹ̀dì ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, dókítà ti wẹ ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n yín di irin fèrèsé mú. Wọ́n ní agbòjò ò tíì kọjá, àwọn ò lọ!"

Mo wo ọ̀nà ilé. Mo wo géètì. Etí mi nà.

Mo ṣí agbòjò.

Mo rìn. Bí olùdarí ṣe kọ́ mi, bí ẹni tó gbé omi kaná. Ìmọ́lẹ̀ ìyeyè bà lé apá mi, ó bà lé ilẹ̀ níwájú mi, ó ń rìn pẹ̀lú mi. Ọgbà náà dákẹ́. Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ńṣì ń wò mí bíi pé wọ́n ti rí mi níbìkan rí, nínú oorun bóyá. Mo dé abẹ́ fèrèsé náà. Ohun tí mo ṣe, mi ò pète rẹ̀. Obìnrin inú fíìmù yẹn kò ṣe é rí, kò wo ẹnikẹ́ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo dá ẹsẹ̀ dúró. Mo gbé agbòjò sẹ́yìn kúrò lórí. Mo wòkè.

Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Aṣọ ọsibítù ló wà lọ́rùn rẹ̀, aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ fọ̀ títí tí kò fi ní àwọ̀ kankan mọ́. Irun rẹ̀ dára. Ó ti rù. A wo ara wa.

Ó fi ọwọ́ lu irin fèrèsé.

"Ẹtu! Ta ló ní kí o wo kámẹ́rà?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó yọ ahọ́n sí mi bó ṣe máa ń yọ ọ́ nígbà tí a kéré, ó sì yí padà. Mo gbọ́ táyà bẹ́ẹ̀dì náà tó ń yí lọ ní kọ̀rídọ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Mi ò kúrò níbẹ̀. Ẹnìkan ní kí n wá jókòó sábẹ́ igi, mo dúpẹ́, mi ò lọ. Mo dúró nínú oòrùn, agbòjò náà wà ní ṣíṣí lórí mi, mò ń wo fèrèsé tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àga kan wà nínú rẹ̀, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣófo. Mo ń wo àga náà, mo ń sọ fún un nínú ọkàn mi pé, ìwọ kọ́. Ìwọ kọ́ lo máa tẹ̀ lé e. Òjìji agbòjò náà ń súnkì, ó ń wá sí abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lọ sí òdìkejì.

Nọ́ọ̀sì yọ lójú fèrèsé. Ó na ọwọ́ síta, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò ń kán.

"Àǹtí," ó ní, "wọ́n ti jí. Ohùn wọn ò tíì já gaara. Wọ́n ní kí ẹ pa agbòjò yẹn dé, pé oòrùn á jẹ́ kó ṣá."